Gílóòbù méjì, òòfà kan, àti ìdánwò tí kò ní ìṣirò

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Mo lè fi òfin Kirchhoff yanjú sákíìtì tó bá wù kó lọ́jú pọ̀ tó, àmọ́ nínú ìdánwò tá a ṣe kọjá, ìbéèrè méjì tí kò ní ìṣirò kankan ló gbé mi ṣubú. Èkíní: gílóòbù méjì tó jọra ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan, èwo ló máa mọ́lẹ̀ jù? Mo ní àkọ́kọ́ ni, torí òun ló kọ́kọ́ rí kọ́rẹ́ǹtì, ìyókù ló máa kan ìkejì. Ìbéèrè kejì: wọ́n ki òòfà tó lágbára gan-an bọ inú kọ́ìlì tí wọ́n so mọ́ gílóòbù, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ṣé gílóòbù á máa tàn? Mo ní á máa tàn. Odo ni wọ́n fún mi nínú méjèèjì. Ohun tí kò yé mi ni pé ilé wa ló kẹ́yìn lórí láìnì ládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ojoojúmọ́ là ń rí i tí àwọn tó sún mọ́ tíransífọ́mà ń gbádùn iná, tiwa á kàn máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tí kọ́rẹ́ǹtì kì í bá tán lọ́nà, kí ló fà á? Kí sì ni mítà ń kà tí owó wa fi ń tán? Ṣé kí n kúrò nínú ẹ̀ka yìí ni?"

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ ju ọ̀kan lọ, mi ò sì ní da gbogbo wọn pọ̀. Ti gílóòbù, ti ilé tó kẹ́yìn láìnì àti ti mítà, ìdí kan náà ni wọ́n ti wá. Ti òòfà yàtọ̀, àṣìṣe mìíràn ló wà nínú tirẹ̀. Ti kíkúrò nínú ẹ̀ka, màá dé ibẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn tí o kọ kì í ṣe ìdáhùn òpè. Ọdọọdún ni mò ń rí i nínú ìwé àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa.

Kọ́rẹ́ǹtì tó wọ gílóòbù àkọ́kọ́ náà ló jáde níbẹ̀, òun náà ló wọ ìkejì, òun náà ló sì padà sí orísun. Kò sí èyí tó dín nínú rẹ̀, nítorí náà gílóòbù méjèèjì á mọ́lẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ èyí fún ọ rí. O tiẹ̀ ń lò ó ní gbogbo ìgbà tí o bá ń ṣe ìṣirò Kirchhoff, torí ohun tí òfin náà sọ gan-an nìyẹn: iye tó wọ oríta kan ni iye tó jáde níbẹ̀. Síbẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ inú ìwé bá ọ jà. Lọ wo páńẹ́ẹ̀lì iná nínú ilé kan tí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ti ṣe wáyà rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o rí bíréékà kan níbẹ̀ tó ní bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ T sí. RCD làwọn oníṣẹ́ iná ń pè é. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń fi kọ́rẹ́ǹtì tó ń lọ lórí láìfù wé èyí tó ń padà bọ̀ lórí nútírà. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá ti tó nǹkan bíi mílíámípíà 30, kíá ló máa já iná, torí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé kọ́rẹ́ǹtì díẹ̀ ti gba ibòmíràn lọ, bóyá ara ènìyàn. Wàyí o, gílóòbù 60 watt lórí 230 volt ń fa bíi mílíámípíà 260. Ká ní gílóòbù ń jẹ kọ́rẹ́ǹtì, kó tiẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ló ń jẹ, bíréékà yẹn ì bá ti já kí o tó gbọ́wọ́ kúrò lára súwíìṣì. Kò já. Tan fírísà sí i, tan áyọ́ọ̀nù sí i, kò ní já. Àwọn tó ṣe é fi ẹ̀mí ènìyàn sọ́wọ́ òtítọ́ yìí, pé iye tó lọ ni iye tó bọ̀.

Òmíràn tún wà tí mo máa ń ṣe ní yàrá àyẹ̀wò. Gílóòbù àtijọ́ ni mo ń lò, àwọn aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń gbóná. LED kò wúlò fún un torí ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú tó ń darí kọ́rẹ́ǹtì. Mo máa to 60 watt àti 100 watt tẹ̀lé ara wọn, màá sì ní kí àwọn ọmọ sọ èyí tó máa mọ́lẹ̀ jù kí n tó tan iná. Ọ̀pọ̀ máa ń ní 100 ni. Ti 60 ló máa ń mọ́lẹ̀ jù, 100 á kàn pọ́n díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdènà gílóòbù 60, ohun tí ìwé ń pè ní resistance, tó nǹkan bí ohm 880 tó bá gbóná dé ojú iṣẹ́, ti 100 kò sì ju bíi 530 lọ. Kọ́rẹ́ǹtì kan náà ló ń gba inú àwọn méjèèjì kọjá, nítorí náà èyí tí ìdènà rẹ̀ pọ̀ ló máa gba voltage (ohun tó ń ti kọ́rẹ́ǹtì lọ) tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń pa iná, tí màá sì pààrọ̀ ipò wọn. 60 náà ló tún máa mọ́lẹ̀ jù. Níbẹ̀ ni kíláàsì máa ń dákẹ́, torí ẹni tó gbà pé ẹni iwájú ló ń jẹ èyí tó pọ̀ kò ní àlàyé kankan mọ́. Má fi iná ilé dán èyí wò fúnra rẹ o. Bátìrì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ti tó ọ.

Ó kù ilé yín. Ohun tí ẹ̀ ń rí níbẹ̀ òótọ́ ni, ìtumọ̀ tí o fún un ni kò tọ̀nà. Àwọn ilé orí láìnì kò tò bíi gílóòbù inú ìdánwò yẹn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń fa tirẹ̀ láti orí láìfù, tó sì ń dá a padà sórí nútírà. Àmọ́ wáyà orí òpó náà ní ìdènà tirẹ̀, bí kọ́rẹ́ǹtì gbogbo àdúgbò sì ṣe ń gba orí rẹ̀ kọjá ló ń já voltage sílẹ̀ lọ́nà. Ká sọ pé wáyà láti ìdí tíransífọ́mà dé ọ̀dọ̀ yín, àlọ àtàbọ̀, ní ìdènà ohm 1 péré, tí ámípíà 40 sì ń gbà á kọjá. Volt 40 ti lọ nìyẹn, 230 ti di 190, wáyà sì ń fi 1,600 watt mú afẹ́fẹ́ gbóná lásán. Tún fi àwọn ibi tí wọ́n ti fọwọ́ lọ́ wáyà pọ̀ tí kò dì dáadáa kún un, àti féèsì kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ti rọ́ lọ, wàá rí i pé àwọn ará iwájú kò jẹ kọ́rẹ́ǹtì yín rárá. Voltage tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ yín ni wáyà ti gbà. Tí o bá ní mítà tí wọ́n fi ń wọn voltage, tí o sì mọ̀ ọ́n lò láìfọwọ́ kan wáyà, wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí o tún wọ̀n ọ́n nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti sùn. Bí ìṣòro náà bá jẹ́ ti wáyà, ti òru ló máa ga jù, bẹ́ẹ̀ ilé yín kò kúrò níbi tó wà.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí o já okùn tó so voltage àti kọ́rẹ́ǹtì pọ̀ lọ́kàn rẹ, torí òun ló ń jó fírísà àwọn ènìyàn. Nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, gbogbo ilé á ní half current ni wọ́n mú wá. Lóòótọ́ ni kọ́rẹ́ǹtì inú gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè dín kù nígbà náà. Ti kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ fírísà kò rí bẹ́ẹ̀: ẹrù tí mótò rẹ̀ ń tì kò dín, voltage ló dín, nítorí náà ó máa fa kọ́rẹ́ǹtì púpọ̀ sí i kó lè rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí kò bá wá lè yí mọ́ rárá, tó kàn ń kùn, ohun tó ń fà á di ìlọ́po mélòó kan èyí tó máa ń fà tẹ́lẹ̀. Wáyà inú rẹ̀ á gbóná títí, á jó. Ẹni tó bá ka méjèèjì sí ohun kan náà kò lè sọ bí iná tó kéré ṣe jó ohun tí iná tó pé kò jó.

Ti mítà rọrùn. Kì í ka kọ́rẹ́ǹtì nìkan, agbára ló ń kà, ìyẹn voltage lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì lọ́nà àkókò. Yúníìtì kan jẹ́ kilowatt-hour kan, ìyẹn joule mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún. Agbára yẹn ló di ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ fáànù, tí kò sì padà. Wo ṣéènì kẹ̀kẹ́: ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dà, táyà ẹ̀yìn ń yí, ṣéènì ló gbé agbára ẹsẹ̀ dé ẹ̀yìn, àmọ́ kò sí ojú ṣéènì kankan tí táyà jẹ. Kì í sì í ṣe ìgbà tí ojú ṣéènì iwájú bá rìn dé ẹ̀yìn ni táyà tó yí. Gbogbo rẹ̀ jọ ṣí kúrò ni. Electron inú wáyà, àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tí ìrìn wọn jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì, náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú wáyà kọ́pà tí ojú ibi tí wọ́n gé e fẹ̀ tó mílímítà 1.5 níbùú lóròó (1.5 mm²), tí ámípíà 1 ń gbà kọjá, electron kan kì í rìn tó ìdá kan nínú ogún mílímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Á lò ju wákàtí márùn-ún lọ kó tó rin mítà kan. Ti iná ìjọba tiẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: electron kàn ń mì lójú kan ni. Kò sí èyí tó kúrò ní Kainji tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Èyí tó wà nínú gílóòbù yín ti wà nínú wáyà ilé yín kí ẹ tó san owó iná. Ṣùgbọ́n àpèjúwe ṣéènì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ojú ṣéènì kan ló ń fa èkejì, electron kì í fa ara wọn bẹ́ẹ̀. Pápá iná mànàmáná ló ń tì wọ́n káàkiri inú wáyà, òun náà ló sì ń fẹ́ẹ̀ yára tó ìmọ́lẹ̀ nígbà tí o bá tan súwíìṣì.

Láàárín àkókò kíkúrú yẹn, tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá nínú yàrá kan, èrò rẹ fẹ́ẹ̀ tọ̀nà: gílóòbù kan wà tó kọ́kọ́ gbọ́ pé súwíìṣì ti tàn. Lẹ́yìn ìyẹn, electron tó kóra jọ sí ojú wáyà ti to ara wọn, kọ́rẹ́ǹtì ti dọ́gba káàkiri, kò sì sí ẹni àkọ́kọ́ mọ́. Sákíìtì kì í ṣe ojú ọ̀nà tí èèyàn ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kan ló máa yí gbogbo rẹ̀ padà.

Má rò pé ìwọ nìkan ni. Ní 1992, Lillian McDermott àti Peter Shaffer, ní University of Washington ní Seattle, gbé ìbéèrè kan jáde tó di ìlú-mọ̀ọ́ká láàárín àwa olùkọ́ físíìsì. Bátìrì mẹ́ta tó jọra ni. Ọ̀kan ní gílóòbù kan ṣoṣo. Ìkejì ní gílóòbù méjì tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ìkẹta ní méjì tí olúkúlùkù so mọ́ bátìrì fúnra rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ to gílóòbù márààrún bí wọ́n ṣe mọ́lẹ̀ sí. Àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ sákíìtì ní yunifásítì ni wọ́n bi, àwọn tó sì gbà á tán pátá kò ju bíi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdáhùn ni pé gílóòbù tó dá wà àti àwọn méjì ti bátìrì kẹta mọ́lẹ̀ dọ́gba, àwọn méjì ti ìkejì sì dọ́gba pẹ̀lú ara wọn, àmọ́ wọn kò mọ́lẹ̀ tó ti àwọn yòókù. Ohun tó ń ré ọ̀pọ̀ lọ níbẹ̀ ni pé wọ́n gbà pé iye kọ́rẹ́ǹtì kan náà ni bátìrì máa ń tú jáde, ohun tó wù kí a so mọ́ ọn, kí àwọn gílóòbù wá pín in. Bátìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Voltage rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti má yí padà. Iye kọ́rẹ́ǹtì wà lọ́wọ́ ohun tí a so mọ́ ọn. Ìkẹta yẹn fa ìlọ́po méjì, ó sì tètè tán.

Òòfà ló kàn, kò sì bá ti kọ́rẹ́ǹtì tan. O gbà pé òòfà tó lágbára tó bá ti wà níbẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ wà. Ó mọ́gbọ́n dání, àwọn àgbà onímọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí Ørsted, onímọ̀ físíìsì ará Denmark, ti fi hàn ní 1820 pé wáyà tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà kọjá ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, gbogbo wọn ń wá òdìkejì rẹ̀. Ní 1825, Jean-Daniel Colladon ní Geneva ti òòfà ńlá bọ inú kọ́ìlì. Ẹ̀rù ń bà á pé òòfà náà lè da abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì láàmú, ló bá gbé ẹ̀rọ náà sí yàrá kejì. Á ti òòfà bọ̀ ọ́, á sì rìn lọ wò ó. Kí ó tó débẹ̀, abẹ́rẹ́ ti padà sí odo. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1831, Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, wé kọ́ìlì méjì mọ́ òrùka irin kan ní London. Nígbà tó so bátìrì mọ́ ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ti ìkejì ta kìjí, ó sì padà. Bátìrì ṣì wà níbẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì ṣì ń lọ, òòfà ṣì wà nínú irin, abẹ́rẹ́ kò mira. Nígbà tó já bátìrì kúrò, ó tún ta, sí òdìkejì.

Ìyípadà ni kọ́ìlì mọ̀. Bí òòfà tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá, tí ìwé ń pè ní flux, bá ń pọ̀ sí i tàbí tó ń dín kù, voltage á wà. Bó bá dúró sójú kan, kó tiẹ̀ lágbára tó ti òrìṣà, odo ni. Ká ní ìdáhùn rẹ tọ̀nà ni, ta ni ì bá máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀? À bá ra òòfà lẹ́ẹ̀kan, ká jókòó. Epo yẹn ló ń yí i. Lọ dúró nídìí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láìru nǹkan kan, kí o sì ní kí wọ́n tan áyọ́ọ̀nù nínú ilé. Ìró ẹ́ńjìnnì á rẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì wá gba epo sí i kó tó dúró dáadáa. Kọ́rẹ́ǹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nínú kọ́ìlì ló ń tako yíyí yẹn, ohun tí ìwé ń pè ní òfin Lenz gan-an nìyẹn. Kíyè sí i pé ìyípadà ló ń tako, kì í ṣe òòfà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọ pé ó máa ń dojú kọ òòfà nígbà gbogbo. Nígbà tí òòfà bá ń dín kù, ńṣe ni kọ́rẹ́ǹtì yẹn ń ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tí o bá ń múra ìdánwò mìíràn, wá ìdánwò oníbèéèrè 32 tí David Maloney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2001 lórí ẹ̀kọ́ yìí. Wàá pàdé àwọn ibòmíràn tí a máa ń ṣubú níbẹ̀: pé charge (iye iná mànàmáná tó wà lára nǹkan) tó tóbi ń fi agbára tó pọ̀ jù fa èyí tó kéré (dọ́gbadọ́gba ni wọ́n ń fa ara wọn), àti pé òòfà máa ń fa charge tó dúró sójú kan (kò ní ṣe é ní nǹkan kan, àfi tó bá ń rìn).

Ní ti kíkúrò nínú ẹ̀ka, mi ò mọ̀ ọ́ tó láti sọ pé dúró tàbí máa lọ. Mi ò rí ìwé ìdánwò rẹ, mi ò lè sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n fún ọ ní máàkì díẹ̀ nítorí àlàyé tí o ṣe. Lọ bá olùkọ́ rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ kà níbẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tó mọ Kirchhoff ṣe bíi tìrẹ ti ní ìdajì iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ìdajì tó kù ni pé kó máa sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó mú ẹ̀rọ ìṣirò. Bí o bá ti rí sákíìtì, kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: bí mo bá yọ gílóòbù yìí, kí ló máa pọ̀, kí ló máa dín? Lẹ́yìn náà ni kí o wá ṣírò. Ibi tí méjèèjì bá ti ta kora ni kí o jókòó tì. PhET, ìkànnì ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ti University of Colorado, ní ibi tí o ti lè fi fóònù so bátìrì àti gílóòbù láìsan kọ́bọ̀, àmọ́ má jẹ́ kí eré tí àwọn róbótó aláwọ̀ búlúù inú rẹ̀ ń sá tàn ọ́ jẹ. Electron kì í yára bẹ́ẹ̀. Má sì retí pé lẹ́tà yìí nìkan máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Èrò pé ẹni iwájú ló ń jẹ kọ́rẹ́ǹtì máa ń padà wá nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, nígbà tí àkókò bá ń lọ. Fún ara rẹ ní sẹ́mẹ́sítà kan. Bí iṣẹ́ náà bá ṣì ń sú ọ lẹ́yìn ìyẹn, a lè jọ sọ̀rọ̀ kíkúrò, ṣùgbọ́n má lọ sí ẹ̀ka civil tàbí mechanical torí ìbéèrè méjì yìí. Àwọn náà ní ìbéèrè tiwọn tí kò ní ìṣirò.